Kọ́bọ́ọ̀dù Onítẹ̀ka fún Oògùn DDA (Àwọn Oògùn Líle Tí Òfin Ń Ṣọ́): Oṣù Mẹ́rin Nínú Yàrá Iṣẹ́ Abẹ Wa ní Ìkòròdú

Ọlọ́run ni ó yọ wá lálẹ́ ọjọ́ náà. Aláboyún wà lórí bẹ́ẹ̀dì iṣẹ́ abẹ, dókítà akunnilóorun ń béèrè fentanyl, oògùn ìrora tó le gan-an, èmi sì dúró síwájú kọ́bọ́ọ̀dù tuntun tí kò mọ̀ mí mọ́. Ìka mi ti hunjọ nínú ìbọ̀wọ́: mo tẹ̀ ẹ́, ó kọ̀, mo nù ún, mo tún tẹ̀ ẹ́, ó kọ̀, ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó ti ara rẹ̀ pa fún ìṣẹ́jú 5. Ìṣẹ́jú 5! Ketamine, oògùn ìkunnilóorun tí dókítà ti fà sínú sírínjì ṣáájú, ni ó fi dá obìnrin náà dúró títí ilẹ̀kùn fi ṣí.

Mo pe ẹni tí ó tà á fún wa lóru náà gan-an. Ọ̀dọ́kùnrin kan gbé e, ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́, mà, ṣé ọwọ́ yín gbẹ?” Díẹ̀ ni ó kù kí n ju fóònù mọ́ ògiri.

Ṣùgbọ́n kí n tó mu ẹ̀kọ tán láàárọ̀, ó ti ti Sábó dé, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní àwọn ni àwọn jẹ̀bi, pé ó yẹ kí àwọn ti kọ́ wa. Ó fi ìka mẹ́rin ẹnì kọ̀ọ̀kan wa sínú ẹ̀rọ náà dípò ọ̀kan, ó sì ní kí a fi kọ́kọ́rọ́ pàjáwìrì sínú àpòòwé, kí èèyàn méjì buwọ́ lu ẹnu rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ó fi àkọsílẹ̀ ilẹ̀kùn hàn mí, ara mi sì tutù. Wọ́n ti fi nọ́ńbà àṣírí nọ́ọ̀sì kan tí ó wà ní líìfù ṣí i ní aago 2 òru. Ìwé tí a ń kọ oògùn DDA tí a bá mú sí pé pérépéré ní tirẹ̀: wọ́n kọ ampúlù (ìgò kékeré oògùn abẹ́rẹ́) 1 ti pentazocine, oògùn ìrora líle mìíràn, sórúkọ aláìsàn tí ó ti lọ sílé láti ọjọ́ méjì, ìbuwọ́lù méjì sì wà níbẹ̀, tí ó jọ pé ọwọ́ kan náà ni ó kọ méjèèjì.

Síbẹ̀, ilẹ̀kùn nìkan ni kọ́bọ́ọ̀dù náà ń ṣọ́. Ampúlù fentanyl oní-mílílítà 2 ní máíkírógíráàmù 100; bí aláìsàn bá gba 50, àjẹkù 50 yẹn gan-an ni olè ń wá, kọ́bọ́ọ̀dù kò sì lè sọ ibi tí ó gbà. Àfi kí a máa dà á nù lójú ẹlẹ́rìí tí ó dúró tì wá, kì í ṣe ẹni tí ó wà ní yàrá kejì tí yóò kàn wá buwọ́ lùwé nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀, àṣà tí mo mọ̀ dáadáa nítorí pé èmi náà ti ṣe é rí.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5, nítorí ìṣẹ́jú 5 yẹn. Ṣùgbọ́n nítorí àkọsílẹ̀ ilẹ̀kùn rẹ̀, mo ti ní kí ọ̀gá wa ra èkejì fún yàrá tí àwọn aláìsàn ti ń jí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ.