Ṣọ́ọ̀bù chíìsì kan ní V.I.: ó dùn o, àmọ́ kí ni sítíkà yẹn ń bò?

Mi ò ní dárúkọ ṣọ́ọ̀bù yìí, mi ò wá jà. Camembert kékeré kan, chíìsì rírọ̀ àwọn Faransé, ni mo rà lọ́wọ́ wọn ní Sátidé, owó ẹ̀ ń dunni, òórùn ẹ̀ sì dà bí ìbọ̀sẹ̀ ọmọ iléèwé, àmọ́ ẹ fi sórí búrẹ́dì Àgége tó ṣì gbóná kẹ́ ẹ wò ó, hàà! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gé ìka ara mi jẹ.

Ìgbà tí mo ṣí sítíkà owó wọn kúrò lára páálí ni mo rí "lait cru" lábẹ́ ẹ̀. Faransé ni, ìyẹn ni pé mílíìkì tí iná ò kàn ni wọ́n fi ṣe é. Òfin Yúróòpù ló ní kí wọ́n kọ ọ́ síta kí ẹni tó ń rà á lè mọ̀, ẹ̀yin wá fi sítíkà bò ó? Ní Amẹ́ríkà, irú chíìsì báyìí gbọ́dọ̀ pé 60 ọjọ́ kí wọ́n tó lè tà á, èyí tó rọ̀ bíi Camembert ò sì lè dúró tó bẹ́ẹ̀, torí náà wọn kì í rí ojúlówó ẹ̀ rà níbẹ̀. Àbúrò mi sì rèé, aláboyún, ó ti mú ọ̀bẹ dání! Kòkòrò Listeria tó lè wà nínú mílíìkì tí iná ò kàn ò bẹ̀rù fíríìjì, inú òtútù yẹn náà ló ti ń pọ̀ sí i, ó sì lè ba oyún jẹ́. Mo já àwo gbà lọ́wọ́ ẹ̀ kíá.

Mo padà lọ ní Mọ́ńdè, mo ní nọ́ńbà NAFDAC dà, bọ̀ọ̀dá tó ń tajà ní "Àǹtí, ọjà òyìnbó ni." Ṣé ọjà òyìnbó kì í forúkọ sílẹ̀ ni? Tí wọ́n bá kó o wọlé láti tà, ó gbọ́dọ̀ ní in. Iná ò sì sí lásìkò yẹn, wọn ò tíì tan jẹnẹrétọ̀, chíìsì kàn ń làágùn nínú fíríìjì.

Ìyá oníwàrà tí mo máa ń rà lọ́wọ́ ẹ̀ l'Ágége ò ní lébẹ̀ẹ̀lì kankan, àmọ́ ojú mi ló ṣe ń gbé mílíìkì kaná tó ń fi omi ewé bomubómu sí i títí tó fi dì. Omi tó ń kó o sí lẹ́yìn náà ló ń bà mí lẹ́rù, torí ẹ̀ ni mo ṣe máa ń dín in dáadáa kí n tó jẹ ẹ́.

Ìtọ́wò, 9 nínú 10. Òótọ́ inú, 2. Àbúrò mi ò tíì dárí jì mí, ó ní kí n lọ ra wàrà díndín wá.