Ọkọ̀ dúdú ní Ìbàdàn: èwo nínú ìgò pólíìṣì wọ̀nyí ló yẹ ká fowó rà?

Bí ọkọ̀ yín bá funfun tàbí kó jẹ́ aláwọ̀ eérú, ẹ lè máa lọ ní tiyín. Pólíìṣì tí ọwọ́ yín bá tẹ̀, ẹ fi pa á. Ẹ̀yin ọlọ́kọ̀ dúdú ni mo ní í bá sọ̀rọ̀. Ọkọ̀ ìyàwó ni mò ń gbé jáde ní Ìbàdàn níbí, Camry Muscle kan àti Highlander kan, tòkunbọ̀ ni méjèèjì, dúdú kirikiri. Ní Sátidé, ẹ lè bá ọ̀kan níwájú Gbọ̀ngàn Mápó, kí èkejì wà ní Jogor lọ́nà Liberty. Àwọn onífọ́tò ló jẹ́ kí n fojú sí ọ̀rọ̀ pólíìṣì. Ọkọ̀ tó ń dán gbinrin lábẹ́ igi, tí iná kámẹ́rà bá ti bọ́ sí i báyìí, àwọn ìlà wínníwínní á yọ káàkiri bí òwú aláǹtakùn. Ìyàwó á wá máa bi èèyàn pé, "Mọ́mì, ṣé wọn ò fọ ọkọ̀ yìí ni?"

Ìlà yẹn wà lára ọkọ̀ funfun náà o, ojú wa ni kò rí i. Ọ̀dà dúdú máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì. Ìwọ̀nba tó ń padà sójú wa, orí kílià, ìpele tó mọ́ gaara tí wọ́n kùn lé ọ̀dà lórí, ló ti ń ta wá. Tí kílià bá ti ha, ẹnu ibi tó ha á máa tàn funfun, orí dúdú ló sì ti ń tàn, ta ni kò ní í rí i? Kílià ọ̀hún kò sì nípọn rárá. Lára ọkọ̀ tí ilé-iṣẹ́ kùn, ó sábà máa ń jẹ́ nǹkan bíi 40 sí 50 máíkírọ́ọ̀nù. Irun orí wa nípọn jù ú lọ. Gbogbo ohun tó bá fi híhọ pa ìlà rẹ́, kílià ló ń họ, kì í sì í hù padà. Ẹ fi èyí sọ́kàn kí ẹ tó tọwọ́ bọ àpò.

Ẹ dé ọjà Àráròmí ní Gate, ẹ ní pólíìṣì ọkọ̀ dúdú lẹ ń wá. Ìgò tí wọ́n máa kó síta á ju ohun tí tábìlì lè gbà lọ. "Ẹ gba èyí, Mọ́mì, ojúlówó ni, òun ni àwọn ọlọ́kọ̀ ńlá ń lò." Mo máa ń ní kí Alàájì fara balẹ̀ ná, kí n ka ẹ̀yìn ìgò. Ohun yòówù tí wọn ìbáà kọ síwájú rẹ̀, iṣẹ́ mẹ́ta péré ni gbogbo wọn ń ṣe: àwọn kan ń họ, àwọn kan ń dí ojú ìlà, àwọn kan ń bo ọkọ̀ lórí kí oòrùn àti òjò má rí i mú. Èyí tó bá ní òun ń ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, díẹ̀díẹ̀ ló ń ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Èyí tí wọ́n máa kọ́kọ́ nà sí ọlọ́kọ̀ dúdú ni wax, ìda ọkọ̀, tí wọ́n po aró dúdú mọ́. Ó ju ilé-iṣẹ́ kan lọ tó ń ṣe irú rẹ̀. Ẹ fi kun ọkọ̀ láàárọ̀ Sátidé, títí ìyàwó á fi jó wọlé, ẹwà rẹ̀ kò ní yẹ̀. Aró yẹn ló wọnú ìlà, ó dí i, funfun kò hàn mọ́. Àmọ́ ìlà wà níbẹ̀ digbí. Òjò tó bá le díẹ̀, tàbí ọṣẹ tó lágbára, á gbé aró lọ, ẹ ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹ wà tẹ́lẹ̀. Fún ẹni tó fẹ́ ta ọkọ̀ lọ́la, ó wúlò (kí ẹni tó fẹ́ rà á máa ṣọ́ra ni). Fún ẹni tó fẹ́ tọ́jú ọkọ̀, mi ò rí ìdí tó fi yẹ kó nọ́wó lé e.

Ibi tí owó yẹ kó lọ ni kọ́ńpáùǹdì tó dára, ìpara tó ń họ kílià títí ìlà á fi pa rẹ́. Mi ò sọ ti rọ́bìn inú agolo tí àwọn pẹ́ńtà fi ń gé ọ̀dà tuntun tí wọ́n ti fi sáńpépà họ. Ìyẹn le jù fún dúdú: á pa ìlà ńlá kan rẹ́, á fi àìmọye ìlà kéékèèké rọ́pò rẹ̀, ojú ọkọ̀ á wá ṣú bàìbàì. Meguiar's Ultimate Compound ni mo ń rà. Ará Amẹ́ríkà ni wọ́n, láti 1901 ni wọ́n ti ń bá iṣẹ́ bọ̀, pólíìṣì àga àti tábìlì ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀. Ohun tó ń họ nǹkan nínú rẹ̀ kúnná gan-an, ó ń gé, síbẹ̀ ó ń fi dídán sílẹ̀ lẹ́yìn. Ẹ lè fi ọwọ́ lásán lò ó, àmọ́ apá á sọ̀rọ̀ lálẹ́. Ẹ̀rọ tí fóòmù rẹ̀ ń yí, tó sì tún ń gbọ̀n kiri bó ṣe ń yí, ló dára jù. Èyí tó ń yí lójú kan ṣoṣo, ẹ má jẹ́ kó dé ọwọ́ ọmọṣẹ́ tí kò tíì mọ̀ ọ́n lò. Etí bọ́nẹ́ẹ̀tì ni kílià ti fẹ́lẹ́ jù, kò ní pẹ́ rárá tí á fi jó o dé ọ̀dà, ọ̀dọ̀ pẹ́ńtà lẹ ó sì gbà lọ.

Abẹ́ òjìji ni kí ẹ ti ṣe é, kí ara ọkọ̀ ti tutù. Ẹ mú ibi tí kò ju ìgbọ̀nwọ́ kan níbùú lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀kán mẹ́ta mẹ́rin lójú fóòmù ti tó. Fóòmù tó rọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ dán wò. Tí ìlà bá ti bá ìyẹn lọ, kí la tún ń fi èyí tó le ṣe? Lórí dúdú, ẹ fi pólíìṣì tó kúnná ju kọ́ńpáùǹdì lọ kádìí rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ó rí ojú ọ̀nà tí fóòmù gbà.

Kí ẹ tó yin ara yín, ẹ ra sípíríìtì ní kẹ́míìsì, ẹ dà á pọ̀ mọ́ omi ní ìdajì-ìdajì, kí ẹ fi nu ibi tí ẹ ṣe. Òróró inú pólíìṣì máa ń dí ojú ìlà, sípíríìtì á kó o kúrò. Ẹ wá tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí i. Ohun tí ẹ bá rí nígbà yẹn ni òótọ́ ọ̀rọ̀. Bí mo ṣe ń ṣe fún àwọn tó ń gbowó pólíìṣì ọkọ̀ nìyẹn: ẹ ṣe bọ́nẹ́ẹ̀tì nìkan, kí n nù ún, kí n tó san ìyókù. Àwọn kan ti torí ẹ̀ bínú sí mi, wọ́n ní mo ń ṣe bí ọlọ́pàá. Iṣẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe kì í bẹ̀rù sípíríìtì.

Èyí tó kàn ni Autoglym Super Resin Polish, ti àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì, ilé-iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1965. Díẹ̀ ló ń họ, dídí ló pọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ lè ní ṣebí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bá wax aláró jà tán ni. Ìyàtọ̀ wà. Kílià òrùlé Highlander mi ti fẹ́lẹ́ kí ó tó gúnlẹ̀ sí Nàìjíríà, kò sí ohun tó kù níbẹ̀ láti họ. Irú ibẹ̀ ni Super Resin wúlò fún: ó nu ẹ̀gbin tó ti lẹ̀ mọ́ ojú rẹ̀, ó dí ìlà fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, ó sì dán. Ẹ fi í ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ó gbẹ, kí ẹ nù ún. Ó ń fẹ́ ohun tí á bò ó lórí. Ilé-iṣẹ́ kan náà ní Extra Gloss Protection fún ìyẹn. Ẹ má jẹ́ kí ó kan ike dúdú etí wíńdò, á gbẹ funfun síbẹ̀, ẹ ó wá máa fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín wá a kiri.

Ó ku ohun tí a ó fi bo ọkọ̀. Gbogbo ẹni tó ń tà á ló máa ní wax carnauba ni ọba. Ara ewé ọ̀pẹ kan ní ìlà-oòrùn àríwá Bùràsíìlì ni wọ́n ti ń gbọ̀n ọ́n. Ọ̀pẹ yẹn ló ń sun ún kí ẹ̀ẹ̀rùn má baà gbẹ ẹ́ pa. Ó le, nǹkan bíi 82 sí 86 °C ló ń yọ́. Mo gbà pé kò sí èyí tó ń mú dúdú jinlẹ̀ lójú tó o. Àmọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì dúdú nínú oòrùn ọ̀sán oṣù Kejì lè gbóná kọjá 60 °C, èyí tó sì wà nínú ìgò kì í ṣe carnauba pọ́nbélé, òróró àti nǹkan mìíràn ti wọ̀ ọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, omi kì í ṣù lójú ọkọ̀ mi mọ́. Mo ń fi í pamọ́ fún ìyàwó tó bá san owó ńlá.

Èyí tí mo ń lò lójoojúmọ́ ayé ni Meguiar's Hybrid Ceramic Wax, ìdí pàtàkì tí mo sì fi yàn án ni pé kò sí à ń fọwọ́ pa. Ẹ fọ ọkọ̀, ẹ fi omi ṣan án, ẹ fọ́n ọn sí ara ọkọ̀ tó ṣì ń kán tótó, ẹ tún fi omi tó ń tú jáde dáadáa ṣan án, ẹ gbẹ ẹ́. Gbogbo ìgbà tí aṣọ bá kan ọkọ̀ dúdú ni ìlà tuntun lè bẹ̀rẹ̀. Dídán rẹ̀ kò jinlẹ̀ tó ti carnauba, mi ò ní parọ́. Ẹ má sì fọ́n ọn nínú oòrùn, kó má baà gbẹ mọ́ ọkọ̀ lára.

Ti ceramic coating gan-an, ìbòrí olómi tó ń gan mọ́ ojú kílià, tí wọ́n ń gba owó gọbọi lé lórí ní ìgboro báyìí: ó ń pẹ́ ju wax lọ fíìfíì, ó sì ń jẹ́ kí ẹrẹ̀ tètè ṣí. Kò ní kí òkúta má ṣá ọkọ̀ ní ojú títì márosẹ̀. Bí wọn ò bá sì tíì fi kọ́ńpáùǹdì pa ìlà rẹ́ kí wọ́n tó fi í, ìlà yẹn ni wọ́n tì mọ́ abẹ́ rẹ̀. Ẹ bi wọ́n léèrè ọjọ́ tí wọ́n máa fi ṣe ìpalẹ̀mọ́. Bí wọ́n bá ní kí ẹ jókòó, pé wákàtí kan ló máa gbà, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín.

Mo ti sọ̀rọ̀ ìgò pọ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fọ ọkọ̀ ni ìlà ti ń wá. Fóòmù kan náà tí wọ́n fi fọ táyà, tó ti bọ́ sórí ilẹ̀ pupa, òun ni wọ́n máa fi pa bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun ni wọ́n á dà sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó sì ń bọ́ gbogbo wax tí ẹ fowó rà dànù. Ìgbà ọyẹ́ ló wá burú jù. Dírẹ́bà á jí láàárọ̀, á bá eruku lórí ọkọ̀, á mú rágì gbígbẹ, á fi fa á láti òrùlé dé búùtù, á sì rò pé òun ṣe yín lóore. Mo ti sọ fún dírẹ́bà tèmi pé kí ó jẹ́ kí eruku wà níbẹ̀ títí omi á fi dé. Bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì la ní, ọ̀kan fún ṣampúù ọkọ̀, ọ̀kan fún omi tí a fi ń ṣan fóòmù tí a fi ń fọ ọkọ̀. Òkè la ti ń fọ̀ bọ̀ wá sílẹ̀. Aṣọ microfiber tó nípọn la fi ń gbẹ ẹ́ lọ́gán, nítorí omi borehole tó bá gbẹ lójú dúdú, àbàwọ́n rẹ̀ máa ń jẹ kílià. Ìgbẹ́ ẹyẹ kò gbọ́dọ̀ sùn mọ́jú lórí ọkọ̀, ti aláǹgbá náà kò sì gbọ́dọ̀ pẹ́ níbẹ̀.

Tí ẹ bá ti fọ̀ ọ́ tán, ẹ ki ọwọ́ bọ inú ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tó ti gbẹ, kí ẹ fi pa ojú ọkọ̀ jẹ́jẹ́. Bí ó bá ń ṣe ṣákaṣàka, ẹ̀gbin ti lẹ̀ mọ́ ọn, clay bar, amọ̀ rírọ̀ tí wọ́n ń fi pa ojú ọkọ̀, ló ń yọ ọ́, pẹ̀lú omi ṣampúù púpọ̀. Clay tó bá bọ́ sílẹ̀, ẹ jù ú nù.

Ẹ̀yin tí ọkọ̀ yín ti kọjá lọ́wọ́ pẹ́ńtà: ẹ wo aṣọ tí ẹ fi ń nu kọ́ńpáùǹdì. Bí ó bá dúdú, kò sí kílià lókè ọ̀dà mọ́, tàbí kí ó má tilẹ̀ sí níbẹ̀ rí, ẹ rọra. Bí ọ̀dà bá ṣì tuntun, ẹ bi pẹ́ńtà nígbà tó máa gbẹ dénú kí ẹ tó fi wax kankan sí i, oṣù kan sí méjì ni wọ́n sábà máa ń dá.

Bí owó bá mọ níwọ̀n, ṣampúù, aṣọ microfiber àti Hybrid Ceramic ni kí ẹ kọ́kọ́ rà. Kọ́ńpáùǹdì lè dúró. Èyí tí kò ní jáde òde Sátidé bíi tèmi kò nílò carnauba. Ní Àráròmí, ẹ ní kí Alàájì mú ìgò tó wà nínú ìsọ̀ wá, kì í ṣe èyí tó ti ń jóòrùn lórí tábìlì láti ìjẹta. Ẹ wo ọ̀rá ẹnu rẹ̀ bóyá wọ́n ti ṣí i rí, ẹ gbọ̀n ọ́n wò. Bí ó bá ní èyí tó wà níta nìkan ló kù, ẹ kí i, ẹ kọjá sí ìsọ̀ kejì.