Oríṣi Méjì Kẹ̀kẹ́ Ológeere Oníbátìrì fún Ojú Ọ̀nà Èkó: Ìfiwéra Ọwọ́ Iná àti Bíréèkì Adánápadà

Oríṣi méjì ni kẹ̀kẹ́ ológeere oníbátìrì tí ẹni tó bá fẹ́ ra ọ̀kan yóò sábà bá pàdé lọ́jà. Àkọ́kọ́ ni èyí tí ẹ̀rọ àárín táyà rẹ̀ ní jíà nínú. Èkejì ni èyí tí kò ní jíà, tí ẹ̀rọ àti táyà rẹ̀ jọ ń yí pọ̀ nígbà gbogbo. Bí ẹ bá fẹ́ dá wọn mọ̀, ẹ pa iná kẹ̀kẹ́ náà, ẹ gbé táyà kúrò nílẹ̀, kí ẹ sì fi ọwọ́ yí i síwájú. Ti oníjíà yóò yí lọ fàlàlà, ṣùgbọ́n aláìníjíà yóò máa tako ọwọ́ yín díẹ̀, nítorí òòfà inú rẹ̀ ń fa irin tó wà nítòsí rẹ̀.

Ìyàtọ̀ yìí ló pinnu ọ̀rọ̀ bíréèkì adánápadà, èyí tó ń sọ ẹ̀rọ kẹ̀kẹ́ di amúnáwá nígbà tí a bá ń dẹwọ́ eré, tó sì ń dá iná padà sínú bátìrì. Oníjíà tó wọ́pọ̀ kò lè ṣe é, torí pé ẹ̀rọ rẹ̀ máa ń já kúrò lára táyà ní kété tí a bá sọ ọwọ́ iná (throttle, ohun tí a ń yí lọ́wọ́ kí kẹ̀kẹ́ tó sáré) sílẹ̀. Aláìníjíà lè ṣe é, bí kọ̀ǹtúróólà rẹ̀, ìyẹn àpótí tó ń darí iná láàárín bátìrì àti ẹ̀rọ, bá gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ má ṣe tìtorí iná tó ń dá padà rà á o. Bí kẹ̀kẹ́ àti ẹni tó gùn ún bá wọn 100 kílò, tí wọ́n sì ń sáré 25 kìlómítà ní wákàtí kan, gbogbo agbára tó wà nínú eré náà kò tó watt-hour (ìwọ̀n agbára iná) 1, bẹ́ẹ̀ bátìrì 48 volt tó jẹ́ 10 amp-hour gba 480. Àǹfààní rẹ̀ gan-an wà lára bíréèkì: ẹni tó di ẹrù láti Ìjọrà, tó gun Eko Bridge, tó sì ń sọ̀ kalẹ̀ sí Apọ́ngbọ̀n nínú òjò, yóò mọ̀ pé pádì bíréèkì òun kì í tètè jẹ tán. Ṣùgbọ́n bí bátìrì bá ti kún dé nǹkan bí 54.6 volt, ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ bátìrì 48 volt ń kún dé, kò sáàyè fún iná mọ́, bíréèkì yìí sì lè já lójijì. Nítorí náà, bíréèkì ọwọ́ gbọ́dọ̀ dá múná. Bíréèkì adánápadà tún ń ti ọ̀pá àárín táyà síwá sẹ́yìn, èyí tó lè tú nọ́ọ̀tì. Ẹ béèrè irin ìdìmú (torque arm) tó ń di ọ̀pá náà mú.

Ọwọ́ iná ni mo fẹ́ kí ẹ wò jù lọ. Nínú àwọn kọ̀ǹtúróólà kan, bí ẹ ṣe yí ọwọ́ sí ni ó ń sọ iye eré tí ẹ fẹ́, kẹ̀kẹ́ á sì fi gbogbo agbára rẹ̀ lé eré náà bá, ó sì ń fò síwájú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nínú àwọn mìíràn, ọwọ́ yín ń pinnu agbára fúnra rẹ̀: díẹ̀ fún díẹ̀, púpọ̀ fún púpọ̀. Ní Ìdúmọ̀tà lọ́sàn-án, níbi tí alábàárù ti lè gba iwájú yín kọjá láìròtẹ́lẹ̀, irú èkejì yìí nìkan ni mo lè fọwọ́ sí. Ẹ tún wò ó bóyá a lè tún un tò lórí fóònù: ibi tí ọwọ́ iná ti ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, bí agbára ṣe ń yára wọlé, àti bí bíréèkì adánápadà ṣe le tó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìwọ̀n tó kéré jù.

Ẹni tó ń ti Yábàá lọ síbi iṣẹ́ ní Broad Street pẹ̀lú báàgì kan ṣoṣo kò nílò ju oníjíà lọ, torí ó fúyẹ́, ó sì rọrùn láti fi ẹsẹ̀ wà bí iná bá tán. Aláìníjíà ni kí ẹni tó ń kó ẹrù rà. Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ gùn ún pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń fẹsẹ̀ rìn kí ẹ tó sanwó. Bí kò bá lè rọra rìn láìfò, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.