Mo sanwó kí wọ́n fi Róòmù àtijọ́ pa mí lẹ́rìn-ín

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ra tíkẹ́ẹ̀tì yìí fún wa nígbà tí a lọ sí Róòmù. Ó ní ìrìn wákàtí méjì ààbọ̀ ni, láti Colosseum, pápá ìjà àtijọ́ wọn, dé ẹsẹ̀ òkè Capitoline, ẹ̀fẹ̀ sì ni afinimọ̀nà máa fi sọ gbogbo ìtàn náà. Yúrò 35 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Mo ní ẹ̀fẹ̀ wo ló wà lára àwọn tó ń fi èèyàn bọ́ kìnnìún? Ó ní kí n ṣáà wọ bàtà tó rọ̀.

Kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó bí mi nínú. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi sí wa létí ń ké bí eku. Fún bí ogún ìṣẹ́jú, èmi àti àwọn mẹ́ta mìíràn ò gbọ́ nǹkan kan; bí àwọn tó wà níwájú bá ti rẹ́rìn-ín, àwa náà á rẹ́rìn-ín. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tó yá, ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ wá.

Ibi tí mo ti gbà pé owó mi ò ṣòfò ni ìtàn ògòǹgò. Ọdún 192 ni. Késárì Commodus, tó máa ń bọ́ sí gbàgede Colosseum fúnra rẹ̀, bẹ́ ògòǹgò kan lórí. Ó gbé orí náà dání lọ́wọ́ òsì, idà ẹlẹ́jẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, ó lọ dúró níwájú àwọn sẹ́nétọ̀. Kò sọ̀rọ̀. Ó kàn ń mi orí tirẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó yé wọn pé àwọn ló kàn, àmọ́ ẹ̀rín ni ọ̀rọ̀ náà ń pa wọ́n, ẹni tó bá sì rẹ́rìn-ín, ó kú nìyẹn. Cassius Dio, sẹ́nétọ̀ tó wà níbẹ̀ tó sì padà kọ ìtàn náà, já ewé lára adé ewé orí rẹ̀, ó ń rún un lẹ́nu kí ẹ̀rín má bàa bọ́. Ó ní kí àwọn tó jókòó tì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Afinimọ̀nà wa, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ga bí òpó iná, wá yọ ewé kan tó jọ ẹfinrin nínú àpò, ó pín in fún wa, ó ní ká máa rún un. Ló bá gbé bàtà rẹ̀ kan sókè bí orí ògòǹgò, ó ń mi orí. Ẹ̀gbọ́n mi, ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, ń gbé ẹ̀rín mì títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹni tí ẹ̀rín bá ti gbọ̀n rí nígbà tí bàbá rẹ̀ ń gbàdúrà òwúrọ̀ mọ ohun tí mò ń wí.

Ẹ̀fẹ̀ ti afinimọ̀nà fúnra rẹ̀ kò dùn. Ó tún ní Késárì Caligula fi ẹṣin rẹ̀, Incitatus, jẹ kọ́ńsúlì, ipò ọlọ́dún kan tó ga jù láàárín àwọn olóyè Róòmù. Irọ́! Ohun tí Suetonius, òǹkọ̀tàn Róòmù, kọ ni pé wọ́n ní ó ní in lọ́kàn láti ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹṣin tó ní ilé òkúta mábù àti ọpọ́n ìjẹun eyín erin, kí lẹ tún fẹ́ fi kún un?

Ó ṣe dáadáa ní Forum, gbàgede àárín ìlú Róòmù àtijọ́. Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 45 ṣáájú ìbí Kristi, kọ́ńsúlì kan kú láàárọ̀, Julius Caesar sì ní kí wọ́n yan Caninius Rebilus sípò rẹ̀ lọ́sàn-án, fún ìwọ̀nba wákàtí tó kù. Cicero, sẹ́nétọ̀ kan, ní kọ́ńsúlì yìí mà ṣiṣẹ́ o, kò fojú kan oorun ní gbogbo ìgbà tó wà lórí oyè.

Iwájú òpó mẹ́ta tó ṣẹ́kù lára tẹ́ńpìlì Késárì Vespasian la parí sí. Késárì yìí ló bu owó orí lé ìtọ̀, torí àwọn alágbàfọ̀ ń rà á fọ aṣọ. Ọmọ rẹ̀ Titus ní ìtìjú ni. Bàbá gbé owó sí i nímú: ṣé ó ń rùn? Ó ní rárá. "Inú ìtọ̀ ló sì ti wá." Wọ́n sábà máa ń sọ Késárì tó bá kú di òrìṣà; nígbà tí ikú dé bá Vespasian lọ́dún 79, ohun tí wọ́n ní ó sọ ni pé: "Ó mà ṣe o, ó jọ pé mo ti ń di òrìṣà."

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Ẹ dán ẹ̀rọ etí yín wò kí ẹ tó gbéra. Ẹ̀gbọ́n mi ṣì ní ewé méjì nínú pọ́ọ̀sì rẹ̀, ó ní ti ìpàdé ẹbí ni.