Wáyà híhun tí mo fi sọgbà fún ẹṣin àti ajá wa ní Mọníyà

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi owó bẹ̀rẹ̀, torí òun náà lẹ máa kọ́kọ́ bi mí. Wáyà yìí wọ́n ju chain link lọ (ìyẹn wáyà ọgbà tí wọ́n kàn lọ́ mọ́ra láìta kókó), kì í sì í ṣe díẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí n tún un rà lọ́la, màá rà á, ṣùgbọ́n mi ò ní gbé iṣẹ́ géètì fún àwọn tó bá mi nà án mọ́ láé.

Ẹṣin méjì la ní: akọ kan tó ti sáré póólò rí ní Ẹlẹ́yẹlé, àti abo kan tí wọ́n máa ń wá yá fún ìgbéyàwó. Ajá mẹ́ta ló tún wà nílé. Ọgbà tí a bá lórí ilẹ̀ náà, wáyà ẹlẹ́gùn-ún ni, wọ́n kàn án mọ́ igi akòko. Àwọn òpó ọ̀hún ti rúwé, wọ́n ti di igi padà. Ó dáa fún ẹni tó ń sin màlúù. Ẹṣin ní tirẹ̀, bí ẹ̀rù bá ti bà á, eré ló mọ̀, bí wáyà bá sì kọ́ ọ lẹ́sẹ̀, kò ní dúró kí ẹ wá tú u, á máa fà á títí á fi ya ara rẹ̀ dé egungun. Mo ti wà níbi tí dókítà ẹranko ti ń rán irú ojú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀ rí.

Chain link ni gbogbo èèyàn ń dábàá. Àmọ́ ẹṣin fẹ́ràn kó máa fìdí họra, kì í sì í pẹ́ tí chain link fi ń yọ ikùn síta, tí etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ á ká sókè, tí á máa kọ́ irin pátákò ẹṣin. Èyí tí mo rà, híhun ni wọ́n hun ún, wọ́n ta á ní kókó ní gbogbo ibi tó ti pàdé. Ihò rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 2 ní fífẹ̀, 4 ní gíga, nítorí náà pátákò ò lè gba ibẹ̀ kọjá. Ọgbà náà ga ní ẹsẹ̀ bàtà 5. Mo ní kí wọ́n kan pákó láti Bódìjà sórí rẹ̀ yípo, kí wọ́n kùn ún ní ọ̀dà funfun, torí ẹṣin tó bá ń sáré kì í tètè rí wáyà lásán.

Òpó tíìkì ni mo lò nítorí ikán. Ibi tó wọlẹ̀ nìkan la fi ọ́ìlì tí mẹkáníìkì ti lò kùn. Ẹ má jẹ́ kó kọjá ilẹ̀ o, ẹṣin a máa gé igi jẹ, májèlé sì ni.

Àwọn òṣìṣẹ́ fẹ́ kan wáyà sí ìhà títì, wọ́n ní á rẹwà lójú ẹni tó ń kọjá. Mo kọ̀. Bó bá wà níhà inú, tí ẹṣin bá fara tì í, ara òpó ló ń tì í mọ́. Bó bá wà níta, ìṣó ni á máa já lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá wọn fajú ro, ó ní, "Mọ̀mí, ilé yín ni, bí ẹ bá ṣe fẹ́ la máa ṣe é."

Kí n má purọ́, wọ́n mọ wáyà nà. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọkọ̀ ojú irin tó ń ti Èkó bọ̀ fọn fèrè, ni abo bá bẹ́ sáré, ó fi àyà lu ọgbà. Wáyà gbà á, ó sì dá a padà. Kò sí ojú ọgbẹ́ kankan.

Géètì ló bà wọ́n lórúkọ jẹ́. Ìdè méjèèjì tí géètì fi kọ́ mọ́ òpó, tó ń yí lórí wọn, ni wọ́n kọ ṣóńṣó wọn sókè. Akọ kàn ń fi ọrùn họra lábẹ́ rẹ̀ ni, ó gbé géètì kúrò lórí ìdè, ó sì rìn lọ síbi àgbàdo aládùúgbò. Mo pè wọ́n títí, "à ń bọ̀" ni mo ń gbọ́. Wẹ́dà àdúgbò ló wá yí ìdè òkè dorí kodò.

Wọ́n tún fi ègé wáyà àti ìṣó ẹlẹ́sẹ̀ méjì sílẹ̀ nínú koríko, níbi tí ẹṣin ti ń tẹlẹ̀! Ọmọ mi tú mágínẹ́ẹ̀tì ara spíkà tó ti kú, ó so ó mọ́ okùn, ó ń wọ́ ọ kiri. Kó tó dé ìdí géètì, mágínẹ́ẹ̀tì ti hu irùngbọ̀n irin.

Ní ti ajá, wọn ò gbìyànjú àtifò ó rárá. Nígbà tí òjò rọ ilẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ abẹ́ rẹ̀. A wá tẹ́ wáyà tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀ sílẹ̀ gbalaja ní ìdí ọgbà, a so ó mọ́ ti òkè, a fi irin kàn án mọ́lẹ̀, koríko sì ti bò ó. Ìhà tàwọn ajá nìkan la ṣe é sí, kó má baà kọ́ ẹṣin lẹ́sẹ̀. Ẹni tó bá jẹ́ pé ajá nìkan ló ń sìn, kó fowó rẹ̀ pamọ́: chain link pẹ̀lú wáyà títẹ́ yìí ti tó o.