Fídíò rélùwéè etí òkun láti iwájú dírẹ́bà: ti Dawlish lẹ máa rà ni, àbí ti Cambrian Coast?

Tẹ́ ẹ bá wọ rélùwéè ní ìlú ọba, ẹ̀gbẹ́ nìkan lẹ máa rí. Igi á máa sáré kọjá, ilé á máa sáré kọjá, òkun á yọ fìrí, kẹ́ ẹ tó na ìka sí i kẹ́ ẹ fi han ẹnìkejì yín ó ti lọ. Dírẹ́bà nìkan ló ń rí ibi tí ọkọ̀ ń lọ, ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀ sì máa ń wà ní títì pa, kò sí bẹ́ ẹ ṣe lè bẹ̀ ẹ́ tó. Àwọn tó wà ní London á mọ DLR, rélùwéè kékeré kan níbẹ̀, tí àwọn ọmọdé máa ń du ìjókòó iwájú pátá torí pé kì í sábà sí dírẹ́bà níbẹ̀, irú adùn yẹn gan-an ni mò ń sọ, ó kàn jẹ́ pé òkun ò sí níbẹ̀ ni.

Ìdí nìyẹn táwọn kan fi máa ń gbé kámẹ́rà sẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà, wọ́n á ya gbogbo ìrìnàjò náà látìbẹ̀rẹ̀ dópin láì gé e, wọ́n á wá tà á, bóyá lórí díìsì tàbí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó pọ̀ lọ́jà o, ti Jàpáànì wà, ti Norway wà, àmọ́ tó bá jẹ́ etí òkun ní Bìrìtéènì lẹ fẹ́, méjì ló máa ń kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn: ọ̀nà Dawlish ní Devon, àti Cambrian Coast ní Wales. Wọ́n yàtọ̀ síra gan-an, nǹkan tó ń ba fídíò ti ọ̀kan jẹ́ kọ́ ló ń ba ti èkejì jẹ́, ibẹ̀ yẹn ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fojú sí kẹ́ ẹ tó sanwó.

Dawlish, láti Exeter dé Newton Abbot

Isambard Kingdom Brunel, ẹnjiníà ayé àtijọ́ kan, ló la ọ̀nà yìí, 1846 ni ọkọ̀ kọ́kọ́ gba ibẹ̀ dé Teignmouth. Tẹ́ ẹ bá ti kúrò ní Exeter St Davids, odò Exe ló máa wà lápá òsì yín, á máa fẹ̀ sí i títí tẹ́ ẹ máa fi dé Starcross, níbi tí ilé olókùúta pupa kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, ẹ má jẹ́ kó kọjá lójú yín. Brunel fẹ́ kí rélùwéè máa rìn láìsí ẹ́ńjìnnì lórí ẹ̀, páìpù ló tẹ́ sáàárín réèlì méjèèjì, ẹ̀rọ inú àwọn ilé bíi ti Starcross yìí á máa fa afẹ́fẹ́ jáde nínú páìpù, ìyẹn á sì máa fa ọkọ̀ lọ. Ó ṣiṣẹ́ lóòótọ́, àmọ́ awọ tí wọ́n fi bo ẹnu páìpù náà ò lè dúró, nígbà tó fi máa di 1848 wọ́n ti pa á tì.

Lẹ́yìn Dawlish Warren ni ohun tẹ́ ẹ torí ẹ̀ sanwó bẹ̀rẹ̀. Ojú irin á yí díẹ̀, òkun á sì ṣí sílẹ̀ lápá òsì lẹ́ẹ̀kan náà, òkè pupa á dúró gbagidi lápá ọ̀tún, ẹ̀yin á wà láàárín, lórí ògiri tó ń dá omi dúró. Sítéṣọ̀n Dawlish fúnra ẹ̀, díẹ̀ ló kù kó wà nínú omi. Tí omi bá kún tí atẹ́gùn sì ń fẹ́, ìgbì á fò gòkè á lu gíláàsì iwájú, wáípà á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, ẹ máa gbọ́ bí omi ṣe ń dún gbàà lára ọkọ̀. Omi iyọ̀ yẹn lágbára o, ó ti máa ń dá àwọn ọkọ̀ Voyager ti iléeṣẹ́ rélùwéè CrossCountry dúró torí ẹ̀rọ iná tó wà lórí òrùlé wọn, tí òkun bá ti le, wọn kì í jẹ́ kí wọ́n gba ibẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó ṣe pàtàkì jù fún ẹni tó fẹ́ ra nǹkan. Láti Dawlish sí Teignmouth, túnẹ́ẹ̀lì márùn-ún ló wà níbẹ̀, tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn: Kennaway, Coryton, Phillot, Clerk's, Parson's. Láti iwájú dírẹ́bà, ẹ máa wọ òkùnkùn, ìmọ́lẹ̀ kékeré kan á hàn lọ́ọ̀ọ́kán bí ojú abẹ́rẹ́, á máa tóbi, á máa tóbi, lójijì ẹ ti bọ́ síta, òkun rèé, òkè pupa rèé, kẹ́ ẹ tó mí ẹ ti tún wọ òkùnkùn míì. Kò síbi tó dùn tó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà náà. Àmọ́ kámẹ́rà tí ò dáa kì í lè gbé e. Bó bá jáde nínú òkùnkùn, gbogbo ojú sírínnì á funfun báláú, ojú kámẹ́rà á wá máa wá bó ṣe máa ríran, nígbà tó bá fi máa ríran tán ẹ ti wọ túnẹ́ẹ̀lì tó kàn. Ibi tó dáa jù ní gbogbo ìrìnàjò ni ẹ ò wá ní rí. Torí náà kẹ́ ẹ tó ra fídíò Dawlish èyíkéyìí, ẹ wá èyí tí wọ́n fi hàn lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ lọ tààrà síbi àwọn túnẹ́ẹ̀lì yẹn, ẹ wo bó ṣe ń jáde. Tó bá funfun ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ, ẹ fi sílẹ̀, ì báà jẹ́ ọ̀fẹ́.

Ọdún tí wọ́n yà á náà kì í ṣe kékeré. Lóru ọjọ́ 4 mọ́jú ọjọ́ 5 oṣù kejì 2014, ìjì já ògiri yẹn ní Dawlish, òkun gbá ilẹ̀ abẹ́ ojú irin lọ, réèlì wá kàn ń fì dirodiro lókè bí okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Oṣù méjì gbáko ni ọkọ̀ ò fi gba ibẹ̀, ọjọ́ 4 oṣù kẹrin ni wọ́n tó tún un ṣí. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n kọ́ ògiri tuntun tó ga ju ti àtijọ́ lọ, wọ́n parí ẹ̀ ní 2023. Nítorí náà fídíò tó ti pẹ́ á fi Dawlish àtijọ́ hàn yín, pẹ̀lú ògiri kúkúrú, bóyá nínú HST, rélùwéè eléré àtijọ́ tí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì fẹ́ràn dòní, tuntun á fi ògiri gíga hàn yín pẹ̀lú àwòrán tó mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi ò lè yan ọ̀kan nínú méjèèjì fún yín, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń tà á láì kọ ọdún sára ẹ̀, ẹ bi í kẹ́ ẹ tó sanwó.

Cambrian Coast, láti Machynlleth dé Pwllheli

Èyí gùn. Wákàtí méjì ó lé díẹ̀, réèlì kan ṣoṣo, ọkọ̀ ò sì kánjú. Ní Dovey Junction ni ọ̀nà ti pín sí méjì, ọ̀kan forí lé Aberystwyth, tiyín á yà sí etí òkun, á gba Aberdyfi, Tywyn, Fairbourne, Barmouth, Harlech, Porthmadog, Criccieth, títí dé ìparí. Ó ní àwọn sítéṣọ̀n kéékèèké tí ọkọ̀ kì í dúró sí àfi tẹ́nì kan bá nawọ́ tàbí tẹ́ni tó wà nínú ọkọ̀ bá ní òun fẹ́ bọ́ sílẹ̀, dírẹ́bà á dín eré kù, ẹ̀yin náà á máa wo pákó ìdúró náà bóyá èèyàn wà níbẹ̀, ó máa ń jẹ́ kó dà bí ẹni pé ẹ̀yin lẹ̀ ń wà á gan-an.

Kò sí àwọn síńgáàlì oníná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin níbẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń rí i níbòmíràn. Láti 2011, orí sírínnì níwájú dírẹ́bà ni àṣẹ pé kó lọ tàbí kó dúró ti ń yọ. Fún ẹni tó fẹ́ wo òkun, ìyẹn dára gan-an, kò sí òpó tó ń dí yín lójú. Ẹni tó bá jẹ́ pé síńgáàlì ló ń wò (wọ́n pọ̀, mo mọ̀ wọ́n), ibí yìí ò ní tẹ́ ẹ lọ́rùn, kó ra ti Dawlish.

Kẹ́ ẹ tó dé Fairbourne, ojú irin á gun ẹ̀gbẹ́ òkè kan tí wọ́n ń pè ní Friog, òkun wà nísàlẹ̀ lápá òsì, àpáta wà lókè lápá ọ̀tún, àyè tó wà láàárín ò ju ti ọkọ̀ lọ. Ní 1883 òkè ya lulẹ̀ níbẹ̀, ẹ́ńjìnnì já sísàlẹ̀, dírẹ́bà àti ẹnì kejì ẹ̀ tó ń da èédú síná kú. Ní 1933 ohun kan náà tún ṣẹlẹ̀, lọ́nà kan náà, àwọn méjì míì tún kú. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n fi kọnkéré ṣe òrùlé bo ojú irin níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí òrùlé kọnkéré yẹn tó ń bọ̀ níwájú, ẹ rántí àwọn èèyàn yẹn.

Afárá Barmouth ló kàn, pákó ni púpọ̀ nínú ẹ̀, látọdún 1867 ló ti wà lórí ẹnu odò Mawddach. Ọkọ̀ á máa fẹsẹ̀ gbá ilẹ̀ jẹ́jẹ́, àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn lórí ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ afárá náà á máa juwọ́, ìlú Barmouth á máa bọ̀ wá bá yín níwájú. Ní 1980 wọ́n rí i pé kòkòrò inú omi ti ń jẹ òpó pákó rẹ̀, wọn ò jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tó wúwo gba ibẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ní Harlech, ilé olódi tí ọba Edward Kìíní kọ́ á dúró lórí àpáta, ojú irin gba abẹ́ ẹ̀ kọjá.

Ohun tó ń ba fídíò Cambrian jẹ́ kì í ṣe òkùnkùn, òjò ni. Wales ni, òjò ń rọ̀ níbẹ̀ dáadáa, wákàtí méjì tí wáípà ń lọ tó ń bọ̀ níwájú yín tí òkun sì funfun bí kùrukùru, á sú yín. Ẹ wá èyí tí wọ́n yà lọ́jọ́ tí ojú ọ̀run mọ́, ẹ wo òjìji lórí réèlì, tí òjìji bá mú ṣáṣá, ẹ rà á.

Tá a bá wá gbé wọn síra

Dawlish sún mọ́ omi ju Cambrian lọ, kò sí àríyànjiyàn lórí ìyẹn, àmọ́ òkun gangan ò ju bíi máìlì mẹ́rin lọ, ìyókù odò ni, kẹ́ ẹ tó jókòó dáadáa ẹ ti dé Newton Abbot. Àwọn kan máa ń tà á mọ́ ìrìnàjò tó lọ títí dé Plymouth tàbí Penzance, ẹ ra èyí tó dé Penzance, torí lẹ́yìn Plymouth ẹ máa gun afárá Royal Albert ní Saltash, èyí tí Brunel náà ṣe, tí wọ́n ṣí ní 1859. Cambrian ò ní ìgbì tó ń lu gíláàsì lójoojúmọ́, àmọ́ ó ní òkun, ó ní òkè, ó ní odò, ó ní ilé olódi, ó sì ń fún yín láyè láti wò wọ́n. Ẹni tó fẹ́ fi han àlejò, Dawlish. Ẹni tó fẹ́ kó máa lọ nínú pálọ̀ nígbà tó ń ṣiṣẹ́ tàbí tó ń lọ aṣọ, Cambrian. Tó bá jẹ́ pé owó ọ̀kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ mi, Cambrian ni màá rà láì ro ó lẹ́ẹ̀mejì.

DVD, Blu-ray, YouTube, àbí géèmù?

Fídíò iwájú dírẹ́bà le fún ẹ̀rọ ju fíìmù lásán lọ, torí gbogbo nǹkan tó wà lójú sírínnì ló ń rìn wá bá yín lẹ́ẹ̀kan náà: òkúta, koríko, réèlì, ewé. Àwòrán DVD ìlú ọba ò ní ju píksẹ́lì (àwọn àmì tótóótó tó ń di àwòrán) 720 sí 576 lọ, lórí tẹlifíṣọ̀n ńlá àwọn òkúta abẹ́ réèlì á di ẹ̀kọ. Blu-ray ni kẹ́ ẹ rà tí tẹlifíṣọ̀n yín bá tóbi. DVD dáa fún sírínnì kékeré, àlòkù ẹ̀ sì máa ń wọ́pọ̀ lówó pọ́ọ́kú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, ẹ fetí sílẹ̀ síbí. Wọ́n máa ń ti díìsì mọ́ agbègbè kan láyé, kó má baà ṣiṣẹ́ níbòmíràn. DVD ìlú ọba, agbègbè 2 ni, Nàìjíríà wà ní agbègbè 5, ẹ̀rọ tó bá ń tẹ̀lé òfin yẹn ò ní gbé e. Blu-ray yàtọ̀, ìlú ọba àti Nàìjíríà jọ wà ní agbègbè B, á ṣiṣẹ́. Àwọn tó wà ní Amẹ́ríkà ló máa ṣòro fún jù, DVD tiwọn jẹ́ agbègbè 1, Blu-ray jẹ́ A, àti pé PAL, ìlànà àwòrán tẹlifíṣọ̀n ti ìlú ọba, kì í bá ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ wọn mu, ti Brazil náà ò yàtọ̀ púpọ̀, 4 àti A. Àwọn díìsì kan wà tí wọn ò tì mọ́ agbègbè kankan, ẹ wo ẹ̀yìn páálí.

YouTube lọ́fẹ̀ẹ́ ni, àwọn kan tiẹ̀ wà níbẹ̀ tó mọ́ ju DVD lọ, ṣùgbọ́n dátà ń kọ́? Tẹ́ ẹ bá wò ó ní 1080p, ìyẹn àwòrán tó mọ́ dáadáa, ó lè jẹ gígì méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní wákàtí kan, ìpolówó á sì máa já wọ àárín òkun. Tí ẹ bá máa wò ó lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ lọ síbẹ̀. Tó bá jẹ́ èyí tẹ́ ẹ máa wò títí, ẹ ra tiyín.

Géèmù náà wà. Train Simulator Classic ti Dovetail Games ní Riviera Line, láti Exeter dé Paignton, Dawlish wà nínú ẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa di bíréèkì mú, òkun yíyà ni àmọ́ ọwọ́ yín ló wà. Ó nílò kọ̀ǹpútà tó lágbára o, kẹ́ ẹ sì dúró de ìgbà tí Steam, ibi tí wọ́n ti ń ta géèmù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bá dín owó kù, wọ́n máa ń dín in kù léraléra.

Ẹni tó bá sì máa lọ fúnra ẹ̀: láti Exeter, apá òsì ni kẹ́ ẹ jókòó, láti Machynlleth náà apá òsì ni, tẹ́ ẹ bá ń padà bọ̀ ẹ jókòó sápá ọ̀tún.