Fóltì tó ń kú sójú ọ̀nà: ohun tí ojú mi rí nítorí wúfà

Ọjọ́ ìdána àbúrò ìyàwó mi ni ọkọ̀ mi dójú tì mí ní gbangba. Ṣàgámù la wà. Jẹnẹrétọ̀ díjè ṣàdédé dákẹ́, wọ́n ní omi wà nínú epo rẹ̀, ni ẹnì kan nínú àwọn àna wa bá pariwo pé, "Ṣebí Tíṣà ní wúfà nínú Big Daddy ẹ̀!" Orí mi wú. Mo wa ọkọ̀ sẹ́nu géètì, mo ṣí bùútù, mo dojú rẹ̀ kọ abẹ́ kánópì, mo fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́, mo ki fújì bọ̀ ọ́.

Nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, ayé ń fẹ́ mi. Nígbà tó yá, gbogbo ìgbà tí béèsì bá ti dún gbì, iná dáṣíbọ́ọ̀dù á ṣẹ́jú. Nọ́ńbà búlúù tó ń ka fóltì lára kapásítọ̀, agolo tó ń tọ́jú iná díẹ̀, tí wọ́n tà fún mi (màá dé orí ìyẹn) ń lọ sílẹ̀ lójú mi kòrókòró: 11.8, 11.1, 10.4. Amplifier, ẹ̀rọ tó ń fún wúfà lágbára, pa ara rẹ̀. Èmi náà wá pa ẹ́ńjìnnì kó lè sinmi díẹ̀, ìwà òpònú gbáà. Nígbà tí mo yí kọ́kọ́rọ́, "tíkì" ló wí, kò sọ nǹkan mìíràn.

Ọkọ̀ sì ti dí ẹnu géètì. Àwọn àna tó fẹ́ máa lọ ò rọ́nà gbà. Ọkùnrin mẹ́fà ká agbádá lé èjìká, wọ́n ní àwọn máa tì í kó sítáàtì. Mo ní ọtọmátíìkì ni, títì ò lè sítáàtì ẹ̀. Ta ló gbọ́? Wọ́n tì í dé ìparí àdúgbò. Ọkọ ìyàwó gan-an wà nínú àwọn tó ń tì í.

Ṣọ́ọ̀bù tó ta ẹ̀rọ náà fún mi n'Íbàdàn, mi ò ní dárúkọ wọn. Kí n sọ òtítọ́, wúfà méjì oní-íǹṣì 12 àti amplifier 1,000 wáàtì tí wọ́n tò fún mi ń dún. Wọ́n mọ èèyàn tọ́jú pẹ̀lú. Ẹ ò tíì jókòó tán tí omi tútù á ti dé, éésì ń fẹ́, "ẹ̀gbọ́n" ni wọ́n ń pè mí láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Àmọ́ láti ọ̀sẹ̀ kìíní ni iná iwájú ọkọ̀ ti ń ṣẹ́jú tẹ̀lé ìlù. Mo padà lọ. Wọ́n ní kapásítọ̀ fáràdì 1 ni mo nílò, ₦48,000. Mo rà á. Iná ṣì ń ṣẹ́jú. Mo padà lọ. Wọ́n ní bátìrì ló ti gbó, ₦115,000. Mo rà á. Ó gbádùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tí mo lọ lẹ́ẹ̀kẹta, máníjà gbọ́wọ́ lé mi léjìká: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀, alternator ló kù. Ẹ wá oní-200 ámpíà." Alternator ni ẹ̀rọ tí ẹ́ńjìnnì ń yí láti pèsè iná ọkọ̀. Nínú gbogbo àlọ àti àbọ̀ yìí, ẹnì kankan ò mú mítà tí wọ́n fi ń wọn fóltì jáde. Mítà lásán! Lẹ́yìn ìtìjú Ṣàgámù, mo kọ ẹjọ́ gígùn sí wọn lórí WhatsApp. Àwòrán ọwọ́ méjì tó pàdé ni wọ́n fi dá mi lóhùn.

Èyí tó dùn mí jù ni pé físíìsì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní girama. V = IR, pé fóltì jẹ́ iná ìlọ́po ìdènà, wà lójú pátákó mi lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Alẹ́ tí a ti Ṣàgámù dé ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó ṣírò. Kapásítọ̀ fáràdì 1 tó bá bọ́ láti fóltì 14 sí 12, júùlù 26 péré ló máa tú sílẹ̀. Amplifier mi, tó bá ń gbé 1,000 wáàtì jáde, á máa fa bíi 1,250 wọlé, ìyẹn júùlù 1,250 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, torí díẹ̀ nínú rẹ̀ ń di ooru. Ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá kan, kapásítọ̀ ti tán. Ẹ ò tíì ṣẹ́jú tán nìyẹn. ₦48,000.

Ọ̀gá kan nílé ẹ̀kọ́ wa ló júwe Bàbá rìwáyà, ẹni tó ń tún wáyà iná ọkọ̀ ṣe, fún mi, nítòsí ọjà Àràròmí ní Gate. Kí ẹnikẹ́ni tó lọ, ẹ mọ̀ pé ẹnu Bàbá yìí ò dáa. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni mo débẹ̀, aago kan ọ̀sán ló tó wojú mi. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó wo wáyà, ó bi mí pé iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe. Mo sọ fún un. "Ilé ìwé wo, Tíṣà? Kí n má baà fi ọmọ mi síbẹ̀." Àwọn ọmọ iṣẹ́ fẹ̀rín sí i. Ẹsẹ̀ mi kan ti wà nínú ọkọ̀ láti máa lọ.

Mítà ló dá mi dúró. Ó ní kí n tan fújì sókè pátápátá, kí n sì tẹ tọ́rótù díẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ obìnrin kan tí ò lè ju ọmọ ọdún 17 lọ ṣí ìwé, ó ń kọ nọ́ńbà tí Bàbá ń pè. Lórí alternator fúnra rẹ̀, 13.5. Lórí bátìrì, 12.3. Lára amplifier nínú bùútù, 10.2. Ó wá fi wáyà gígùn so mítà, ó fi ẹnu rẹ̀ kan sórí pọ́sítíìfù bátìrì, èkejì sórí pọ́sítíìfù amplifier: 1.2. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún négétíìfù: 0.9. Ọmọ náà rò ó pọ̀, ó ní, "Bàbá, 2.1 ló sọnù." Bàbá ní, "Kò sọnù. Ojú ọ̀nà ló kú sí."

Ó fi bíléèdì họ wáyà tí ṣọ́ọ̀bù lò. Funfun ni inú rẹ̀. Alumíníọ̀mù ni, bàbà tí wọ́n fi bò ó lásán ló ń pọ́n lójú. Rọ́bà rẹ̀ nípọn bí àtàǹpàkò, wáyà inú rẹ̀ ò ju òwú fìtílà lọ. Wáyà àátì amplifier, èyí tó ń dá iná padà gba ara ọkọ̀, orí ọ̀dà ni wọ́n fi síkúrúù kan ṣoṣo kàn án mọ́, ọ̀dà kì í sì í gbé iná. Àátì ẹ́ńjìnnì ti dípẹtà, ìdí nìyẹn tí ohun tí alternator ń pèsè ò fi dé orí bátìrì tán. Èyí tó wá mú kí Bàbá bú gbogbo ìran àwọn ṣọ́ọ̀bù ni pé kò sí fíúsì lẹ́bàá bátìrì. Ó ní kò yẹ kó ju ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀ lọ sí i. "Tí wáyà yìí bá bó, tó kan irin, ẹ̀yin àti fújì yín lẹ jọ máa jóná."

Ó rán mi lọ sí Àràròmí kí n ra wáyà wẹ́ẹ́dà, ojúlówó bàbà, nọ́ńbà 50. Mo gbé e dé. Ó họ ọ́. Funfun. Ó ní kí n dá a padà. Ẹni tó tà á ní àwọn kì í gba ọjà tí wọ́n ti gé, a jọ pariwo títí, mo gbé wáyà mi kúrò níbẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ obìnrin yẹn ló tẹ̀ lé mi lẹ́ẹ̀kejì, ó sì fi bíléèdì họ ti gbogbo ẹni tí a bá, kí wọn tó gé e. Ẹnì kẹrin la rà lọ́wọ́ rẹ̀.

Iṣẹ́ ọjọ́ kan di ọjọ́ mẹ́rin. "Ọ̀la, Tíṣà." Èmi àti okadà. Wọ́n fi òróró yí ṣíà mi, kílíìpù bọ́nẹ́ẹ̀tì kan dàwátì. Àmọ́ mo jókòó wo bí ó ṣe ń ṣe é, ìbínú mi sì ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó kọ́kọ́ pààrọ̀ wáyà mẹ́ta: alternator sí bátìrì, bátìrì sí ara ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì sí ara ọkọ̀. Lẹ́yìn náà ló tó fa wáyà tuntun lọ sẹ́yìn, fíúsì 150 lórí rẹ̀. Gbogbo ibi tí àátì ti kan ọkọ̀ ló fi pépà oníyanrìn ha títí irin fi ń dán, ó fi gíríìsì bò ó.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹrin, ó ní kí n tan iná ọkọ̀ sára ògiri, kí n fọn wúfà. Alternator 13.7, bátìrì 13.3. Ọmọ náà wà nínú bùútù, ó ké sí wa: "12.9!" Iná tó wà lára ògiri ò mira. Mo ní kí ọmọ náà pa fújì, ó kọ̀, ó ń jó.

Kì í ṣe pé ó tán pátápátá o. Alternator mi ṣì jẹ́ oní-80 ámpíà. Tí ọkọ̀ bá dúró sójú kan, éésì tàn, iná tàn, ó ṣì ń dé 12.4 tí béèsì bá pọ̀. Bàbá ló ṣe ìdánwò yẹn fúnra rẹ̀, kò dúró kí n bi í. Ó ní kí n má fi ọkọ̀ ṣe díjè mọ́. Ó tú kapásítọ̀ kúrò, ó gbé e lé mi lọ́wọ́: "Ẹ fi kọ́ àwọn ọmọ." Ó ti wà lórí tábìlì mi ní kíláàsì báyìí.

₦40,000 ló gbà fún iṣẹ́ ọwọ́. Mo bèèrè rìsíìtì, ó wò mí bí ẹni pé mo bú u.

Ṣọ́ọ̀bù: 3 nínú 5. Wúfà yẹn ṣì ń dùn, omi wọn sì tutù.

Bàbá rìwáyà: 3 nínú 5. Òróró yẹn ò tíì kúrò lára ṣíà mi.